Bí ìwé gbèsè ọjà Gbági ṣe ṣí lórí Ubuntu

Ní ọdún 2004, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò wa kọ ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan fún màmá mi, tí wọ́n ń ta aṣọ ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn, kí wọ́n lè máa fi ṣe àkọsílẹ̀ iye àǹkárá àti léèsì tí ó wà nílẹ̀, àti orúkọ àwọn oníbàárà tí ó kó ọjà láwìn. Orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí ó ní Windows XP ni ètò náà ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà náà, títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí kọ̀ǹpútà náà kò tàn mọ́. Ẹni tí ó kọ ètò náà ti kúrò ní Nàìjíríà tipẹ́, a kò sì ní nọ́ńbà rẹ̀. Ohun tí ó ṣẹ́ kù sí wa lọ́wọ́ ni sídíì tí ó kó ètò náà sí, àti ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tí mo máa ń kó sórí fláàṣì ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ tí mo rà fún wọn ní Ubuntu 24.04 lórí, ìyẹn ọ̀kan nínú ìdílé Linux, ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà bí Windows ti ń ṣe. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì yá lórí ẹ̀rọ tí kò lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n ètò tí a kọ fún Windows kì í ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ọpọlọ kọ̀ǹpútà méjèèjì yàtọ̀ síra. Irú kan náà ni. Ọ̀nà tí ètò ń gbà béèrè nǹkan ni ó yàtọ̀. Bí ètò Windows bá fẹ́ ṣí fáìlì, tàbí kí ó gbé bọ́tìnnì kan sójú kọ̀ǹpútà, orúkọ tí Windows fún iṣẹ́ náà ni yóò fi pè é, Linux kò sì mọ orúkọ yẹn rárá.

Ètò kan tí ń jẹ́ Wine ni ògbifọ̀ tí ó dúró láàárín àwọn méjèèjì. Ètò yóò sọ èdè Windows, Wine yóò gbọ́ ọ, yóò sì sọ ọ́ di èdè Linux lójú ẹsẹ̀. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ńṣe ni Wine ń kọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn sínú kọ̀ǹpútà wọn, bí ẹni kọ́ odindi ilé sínú yàrá. Irú ètò bẹ́ẹ̀ wà, ó sì ń jẹ àyè púpọ̀, ó sì tún fẹ́ kí ẹ ní Windows gan-an lọ́wọ́. Wine kò béèrè Windows kankan. Bob Amstadt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1993, Alexandre Julliard sì gba àbójútó rẹ̀ ní ọdún 1994. Nítorí pé kóòdù Windows kò sí lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní láti máa wo ohun tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe, kí wọ́n sì kọ tiwọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ̀dà 1.0 kò fi jáde títí di Oṣù Kẹfà ọdún 2008, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo máa ń rántí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn pẹ̀lú ọpẹ́ nígbàkígbà tí mo bá rí i tí a ń lo iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ètò màmá mi jẹ́ irú èyí tí a kọ fún kọ̀ǹpútà oníbíìtì 32, ìyẹn irú ti àtijọ́, nítorí náà mo kọ́kọ́ ní láti sọ fún Ubuntu pé kí ó gba irú rẹ̀ láyè kí n tó fi Wine sí i:

sudo dpkg --add-architecture i386
sudo apt update
sudo apt install wine wine32:i386 winetricks

Lẹ́yìn náà ni mo ya àyè ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún ètò náà. Bí ẹ kò bá sọ ohunkóhun fún Wine, inú fódà kan tí ń jẹ́ .wine ni yóò kó gbogbo nǹkan sí, ètò kan sì lè ba ti èkejì jẹ́ níbẹ̀. Èmi fún ètò kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀:

WINEPREFIX=~/.gbagi WINEARCH=win32 winecfg

Nínú yàrá yìí ni ẹ ó ti rí fódà drive_c, èyí tí ètò yóò máa rí bí C: ti Windows. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi sudo, àṣẹ tí ń fún ètò ní agbára lórí gbogbo kọ̀ǹpútà, ṣí Wine láéláé. Yàrá tí mo ń sọ yìí kì í ṣe àgádágodo: Z: tí Wine ń ṣí sílẹ̀ fún ètò máa ń jẹ́ kí ó rí àwọn fáìlì yín yòókù, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí a kọ fún Windows sì lè gba ibẹ̀ ṣọṣẹ́.

Mo da fódà inú sídíì náà àti ẹ̀dà àkọsílẹ̀ orí fláàṣì kọ sínú drive_c, mo sì ṣí ètò náà láti inú Terminal, ojú ibi tí a ti ń tẹ irú àṣẹ òkè yìí. Kò sí ohun tí ó yọ sójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n Terminal kọ ọ́ pé òun kò rí fáìlì kan tí ń jẹ́ MSVBVM60.DLL. Ìlà kan yìí tú gbogbo rẹ̀ fó fún mi. Visual Basic 6, èdè kan tí a fi ń kọ ètò Windows, ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi kọ ètò rẹ̀. Windows XP sì ti ní fáìlì yẹn nínú tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú àwọn èyí tí ń ka àkọsílẹ̀ irú ti Access, ètò àkọsílẹ̀ ti Microsoft, nítorí náà kò rò pé ó yẹ kí òun kó wọn sórí sídíì. Winetricks, olùrànlọ́wọ́ Wine tí ń bá a wá irú fáìlì bẹ́ẹ̀, ni mo fi wá wọn wọlé:

WINEPREFIX=~/.gbagi winetricks vb6run mdac28 jet40

Ètò náà ṣí. Orúkọ àwọn oníbàárà jáde, iye owó jáde, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Àṣé ibi tí ó léwu jù lọ ṣì wà níwájú.

Ọjọ́ tí ó wà lára gbèsè ni màmá mi kọ́kọ́ wò. Wọ́n ní ẹnì kan tí ó kó ọjà ní ọjọ́ karùn-ún Oṣù Kẹrin ni kọ̀ǹpútà ń sọ pé ó kó o ní ọjọ́ kẹrin Oṣù Karùn-ún. Ẹni tí ó ta kọ̀ǹpútà náà fún wa ti fi í sí Gẹ̀ẹ́sì ti Amẹ́ríkà, tí í máa fi oṣù ṣáájú ọjọ́, Wine sì tẹ̀ lé e. Àkọsílẹ̀ àtijọ́ kò bàjẹ́, bí ó ṣe ń fi wọ́n hàn ni ó yí padà. Ṣùgbọ́n tí màmá mi bá tẹ 05/04 wọlé fún gbèsè tuntun, Oṣù Karùn-ún ni yóò wọ inú ìwé. Èyí tí ó burú níbẹ̀ ni pé bí wọ́n bá tẹ 13/04, ètò náà yóò gbà á bí ó ti yẹ, nítorí pé kò sí oṣù kẹtàlá, àṣìṣe náà ì bá sì fara pa mọ́ fún wa fún ọ̀pọ̀ oṣù. Mo fi LC_ALL=en_GB.UTF-8, ìyẹn Gẹ̀ẹ́sì ti Ìlú Ọba tí í fi ọjọ́ ṣáájú oṣù, ṣáájú àṣẹ tí ó ń ṣí ètò náà, ọjọ́ sì padà sí ipò rẹ̀. Mo wá kó gbogbo àṣẹ náà sínú àmì kan lójú kọ̀ǹpútà, kí màmá mi lè tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀ pé Wine wà níbẹ̀.

Kí n tó fún wọn, mo da odindi fódà .gbagi kọ sórí fláàṣì méjì, nítorí pé ètò, àkọsílẹ̀ àti àwọn fáìlì tí winetricks wá wọlé ti wà pa pọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n fa àga sún mọ́ tábìlì, wọ́n sì rọra tẹ orúkọ kan wọlé. Wọ́n wo ojú kọ̀ǹpútà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì ní, "Ìyá Ìsẹ́yìn ṣì jẹ wá lówó léèsì mẹ́rin. Bá mi pè é."