Bọ́ì Pópò Àgùdà, apá kẹfà: ọrùn tí kò gbọ́ràn

Aago kan òru ti kọjá. Ẹ̀kọ ti gbẹ mọ́ mi léèékánná, wáyà ti ya ọwọ́ òsì mi lójú méjì, àmọ́ oorun kò kùn mí rárá. Bọ́ì ni màlúù eré àwọn Àgùdà, ìran àwọn tó ti Brazil padà wá sí Èkó; ẹnìkan á wọ inú rẹ̀ jó, ọ̀kan ni mo sì ń fọwọ́ ṣe. Bọ́ì mi orí lónìí. Ó tẹ orí wálẹ̀ bí èyí tó fẹ́ kàn mí, ó sì gbé e padà sókè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá ohun kan ṣoṣo yìí.

Kí n yára mẹ́nu ba èyí tó ti parí. Egungun ìhà pé mọ́kànlá, pàǹkẹ́rẹ́ ni gbogbo wọn. Mo ti fi àpò ìrẹsì tí mo tú bo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ti gé àrán dúdú tí yóò jẹ́ awọ, n kò tíì rán an. Ìrù kò tíì sí.

Ọrùn lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ka apá karùn-ún á rántí pé mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé orí ti jókòó dáadáa. Ó jókòó lóòótọ́, nígbà tí Bọ́ì wà lórí tábìlì. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí yóò wọ inú rẹ̀ jó, gbé e lé èjìká. Kò tíì rìn ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ tí orí fi ré wálẹ̀, tí imú rẹ̀ lọ gbá sìmẹ́ńtì. Ó fà á títí, kò dìde. Ó ní, “Bọ̀dá, ó ń wọ́ mi lọ síwájú ni o.” Mo gbé orí náà sórí òṣùwọ̀n tí ìyàwó mi fi ń wọn ìyẹ̀fun: kílò 3.5. Ìwo méjèèjì nìkan jẹ́ kílò 1.6 nínú rẹ̀. Ìwo màlúù gidi ni, èyí tí mo sè láàárọ̀ Sátidé kan títí di ìrọ̀lẹ́ kí egungun inú rẹ̀ tó yọ. Apá kẹta ni mo ti sọ ti òórùn rẹ̀.

Wáyà ni mo kọ́kọ́ fi gbà á. Mo mú wáyà tó nípọn, mo fi so iwájú orí mọ́ egungun ìhà àkọ́kọ́. Orí dúró ṣánṣán, kò sì mì mọ́ láéláé. Ẹ wò ó, Bọ́ì tí kò lè tẹ orí wálẹ̀ kí ó lé ọmọdé wọ kọ̀rọ̀ kì í ṣe Bọ́ì. Àga tí a wọ láṣọ ni. Mo tú u.

Tíúbù kẹ̀kẹ́ ló tẹ̀ lé e. Mo là á gígùn-gígùn, mo fi fa orí láti inú. Alẹ́ àkọ́kọ́, ó dùn ún wò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, oòrùn oṣù kẹta ti mú rọ́bà rọ̀, ó ti fi ìdajì àtẹ́lẹwọ́ gùn sí i. Ohun mìíràn tí n kò fẹ́ ni pé bí ìlù bá dákẹ́, orí kò dákẹ́. Ó ń jó fúnra rẹ̀ lọ bíi ti ẹni tí òtútù mú.

Ìkẹta, mo rọ yanrìn kílò méjì sínú àpò, mo so ó mọ́ ìdí Bọ́ì kí ó lè fa iwájú sókè. Ó dọ́gba! Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí n tó gbé gbogbo rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n ńlá aládùúgbò mi. Kílò 14. Ta ni yóò gbé kílò 14 jó láti gbàgede Campos gba òpópónà Bámgbóṣé lọ bọ̀ nínú ooru, tí kò ní dá ọmọ náà lẹ́yìn?

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ síbí, nítorí pàǹkẹ́rẹ́. Méndé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Maryland, ni mo ti rà á, lọ́dọ̀ àwọn tó ń hun àga lẹ́bàá títì. Bí ẹ bá lọ, èyí tó ṣì tutù ni kí ẹ bèèrè, èyí tó tẹ̀ láìdún. Èyí tó ti gbẹ á máa dán, ojú ẹni á sì máa wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ní kété tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po ni yóò ṣẹ́. Mo rẹ tèmi sínú omi láti alẹ́ di àárọ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án. Àmọ́ èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn báyìí ni pé pàǹkẹ́rẹ́ wúwo. Ní Maranhão ní Brazil, níbi tí bumba-meu-boi, eré màlúù tiwọn, ti gbilẹ̀ jù, tí UNESCO sì kọ ọ́ sínú ìwé ogún àṣà aráyé ní 2019, igi ọ̀pẹ buriti ni wọ́n fi ń ṣe egungun màlúù wọn, nítorí pé ó fúyẹ́. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní miolo. Àwa náà ní ohun tó fẹ́ẹ́ jọ buriti: ọ̀pá ògùrọ̀, tí àwọn apẹja fi ń ṣe ahéré lórí omi. Bí mo ṣe ń kọ èyí lọ ni mo pinnu: èmi yóò yọ pàǹkẹ́rẹ́ ìdí mẹ́rin, n ó fi ọ̀pá ògùrọ̀ rọ́pò wọn. Ẹ fojú fo ohun tí mo sọ ní apá kejì pé pàǹkẹ́rẹ́ nìkan ni n ó lò.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni nǹkan yí padà. Lẹ́yìn ìsìn ní Kàtídírà Holy Cross, mo yà sílé bàbá kan ní Pópò Àgùdà, àdúgbò àwọn Àgùdà ní Èkó, tó ti wọ inú Bọ́ì jó nígbà èwe rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo fi fọ́tò orí náà hàn wọ́n lórí fóònù. Wọ́n wò ó pẹ́.

“Ta ló ní kó o fi okùn fà á?”

“Mo rò pé kò yẹ kó máa wolẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ṣé màlúù máa ń gbé orí bí ẹṣin? Jẹ́ kó wálẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó wà nínú rẹ̀ ló ń gbé e dìde.”

Wọ́n mú ọ̀pá tí wọ́n fi ń rìn, wọ́n tì í bọ abẹ́ apá, wọ́n fi ẹnu lu ìlù sámbà, wọ́n sì ń fi ọrùn ọwọ́ lásán gbé orí ọ̀pá náà wálẹ̀, wọ́n ń gbé e sókè. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún! Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo ń wo màlúù.

Ọ̀pá ni mo fi ṣe é, nígbà náà. Igi ìgbálẹ̀ onígi gígùn kan, tó wọlé láti ìpàkọ́ Bọ́ì, tó gba inú ọrùn wá sọ́wọ́ ẹni tó ń jó. Kọ́là pàǹkẹ́rẹ́ tó wà ní ìdí ọrùn ló gbé ọ̀pá náà dúró. Láti orí dé kọ́là jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20, láti kọ́là dé ọwọ́ jẹ́ 50. Mo kọ́kọ́ lu kọ́là náà ní ihò kí n lè fi bóòtù gbá a mọ́ ọ̀pá, pàǹkẹ́rẹ́ sì là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ má lu pàǹkẹ́rẹ́ ní ihò. Mo gé píìpù omi kékeré kan, mo fi tíúbù tó ṣẹ́kù wé e mọ́ kọ́là tuntun, ó le dan-in, mo wá ti bóòtù gba inú píìpù náà. Ìyẹn ló mú.

Lẹ́yìn èyí ni mo ṣe ohun tí mo búra pé n kò ní ṣe. Mo yọ ìwo gidi. Mo fẹ́ràn wọn, mo ti fi epo pa wọ́n dán, ṣùgbọ́n nínú kílò 3.5, àwọn ni ẹ̀bi. Mo ká ìwé ìròyìn yí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ká, mo fi ẹ̀kọ gbígbóná lẹ̀ ẹ́ ní ìpele méje, mo tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe fẹ́. Méjèèjì kò ju kílò 0.2 lọ, orí wá di kílò 2.1. Pẹ̀lú ọ̀pá gígùn yẹn, ohun tí ọwọ́ ọmọ náà ń tẹ̀ kò tó ìgò omi lítà kan.

Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ Èkó ni ọ̀tá iṣẹ́ ìwé. Ìpele àkọ́kọ́ bu lára ní ọjọ́ kẹta, nítorí náà mo se kànáfùrù mọ́ ẹ̀kọ, mo sì to àwọn ìwo sí ẹ̀yìn fìríìjì níbi tó máa ń móoru. Kò bu mọ́. Ìyàwó mi ní kànáfùrù tí òun tọ́jú fún frejon Ọjọ́ Ẹtì Rere ni mo ń fún màlúù jẹ. Òtítọ́ ni. N ó ra òmíràn kí ọjọ́ náà tó pé, nítorí ẹ̀wà lílọ̀ tí a fi omi àgbọn sè láìsí kànáfùrù kò dùn lẹ́nu ẹnikẹ́ni nílé wa.

Ahọ́n ti parí. Ìlà kan péré nínú àkọsílẹ̀ yìí ló yẹ kó gbà, àmọ́ mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ jù. Àrán pupa ni, ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ àti ìka, mo fi fóòmù tẹ́ inú rẹ̀, mo fi òwú funfun rán ojú ìlà àárín rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gbà mí ní wákàtí méjì. Nínú ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Maranhão, ahọ́n ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Catirina lóyún, ahọ́n màlúù ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí. Ọkọ rẹ̀, Pai Francisco, pa èyí tí ọ̀gá wọn fẹ́ràn jù. Ìlú dàrú, wọ́n pe àwọn oníṣègùn, màlúù jí dìde, gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Bọ́ì tí kò ní ahọ́n, kí ni Catirina fẹ́ jẹ?

Àwọn kan bi mí lẹ́yìn apá kẹrin pé kí ló dé tí mo ń ṣe màlúù nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ ń rán aṣọ Kàrẹ́tà, ìwọ́de kànívààlì àwọn Àgùdà, fún Ọjọ́ Ajé Àjíǹde. Èmi náà ń rán an. Àmọ́ ojú kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti wá. “Careta” ni ojú tí a yí pọ̀ àti ìbòjú lédè Potogí, “fantasia” ni aṣọ kànívààlì, “burrinha” sì ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kékeré, èyí tí wọ́n fi pe gbogbo eré tí Bọ́ì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Malê, àwọn Mùsùlùmí ọmọ Áfíríkà, ní Bahia ní Brazil ní January 1835, tí púpọ̀ nínú àwọn tó dìde jẹ́ Nàgó, ọmọ Yorùbá, ni àwọn tó gba òmìnira túbọ̀ ń wọ ọkọ̀ ojú omi padà wálé. Àwọn tó gúnlẹ̀ sí Èkó ló di Àgùdà. Káfíńtà, bíríkìlà àti télọ̀ pọ̀ nínú wọn. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ló ya àwòrán Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894. Àwọn tó lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Ouidah, ní Benin òde òní, gbé Burrinha tiwọn dání, Bouriyan ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ó sì ṣì ń jáde ní Àjàṣẹ́ ní January, nígbà ọdún Bonfim. Mo fẹ́ lọ wò ó lọ́dún tó ń bọ̀, pàápàá bí wọ́n ṣe ń mú ọrùn.

Ní 2016 ni wọ́n wó Casa do Fernandez ní Tinúbú, ilé onírú ti Brazil tí ìjọba ti kéde ní 1956 pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni. Mo máa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ sílé ìwé. Ọjọ́ tí mo rí òkìtì bíríkì yẹn ni mo kọ́kọ́ ya Bọ́ì sínú ìwé, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni mo kó amọ̀ àkọ́kọ́ jọ.

Kí ilẹ̀ tó ṣú pátá lónìí, a gbé e jáde sí àgbàlá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wọ inú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló hàn. Mo gbé sámbà onígun mẹ́rin tí mo yá, mo lù ú. Ó jó síwájú, ó jó sẹ́yìn, ó dúró, ó tẹ orí wálẹ̀ títí imú fi fẹ́ kan ilẹ̀, ahọ́n pupa yọ síta. Ọmọbìnrin kékeré tó ń gbé òkè wa wà lẹ́nu àtẹ̀gùn pẹ̀lú ike omi. Ó kígbe, ó da omi sílẹ̀, ó sá gòkè. A gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ dé òkè pátápátá. Lẹ́yìn náà ó rọra padà sọ̀kalẹ̀, àtẹ̀gùn kan lẹ́yìn òmíràn, ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó ní, “Ẹ ní kó tún ṣe é.”

Bóòtù náà ń dún kíín-kíín bí orí bá ń gòkè. N ó fi fásílíìnì pa á lọ́la. Ìrù ló kàn.