Ṣé èmi náà lè pè É ní Bàbá?

À ń ka Àdúrà Olúwa ní kíláàsì àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí, ni mo rí i pé ọmọkùnrin kan pa ẹnu mọ́. Bàbá rẹ̀ ṣaláìsí láìpẹ́ yìí. Aago bàbá náà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi rọ́bà dì í, síbẹ̀ bó bá ti gbọ́wọ́ sókè, aago á yọ̀ dé ìgúnpá.

Nígbà tí a ṣe tán, ó sún mọ́ mi: "Àǹtí, ṣé èmi náà lè pè É ní Bàbá?"

Mo kúnlẹ̀ tì í, mo ṣí Sáàmù 68 fún un, mo ní kó ka ẹsẹ 5 fúnra rẹ̀. Ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti pe Ọlọ́run ní Baba àwọn aláìní baba, ó dúró. "Èmi ni wọ́n ń bá wí níbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gba báírò mi, ó fa ìlà sí i nídìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé kó má sunkún mọ́. Jésù pàápàá sunkún níbi ikú Lásárù. Ẹ jẹ́ kó sunkún, kó sì mọ̀ pé Baba rẹ̀ ọ̀run ń gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ tètè pàdánù òbí, ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára pé Ọlọ́run ń ṣe Bàbá fún yín?