Lọ́fínńdà olówó gọbọi tí mo tọ́jú bí aṣọ òkè

Nígbà tí àjọ kàn mí lọ́dún 2022, mi ò ra góòlù, mi ò ra ìrẹsì sílé. Náírà 95,000 ni mo yọ nínú rẹ̀, mo fi ra lọ́fínńdà, ìgò mílílítà 100 kan ṣoṣo, ní ṣọ́ọ̀bù kan l'Ádó níbí. Mi ò sọ fún baálé mi. Bó bá ń ka èyí, kó má bínú, ọ̀rọ̀ ti tán.

Ìgbéyàwó kan ní Ìkẹ́rẹ́ ni mo kọ́kọ́ fín in lọ. Kí n tó jáde nílé, gbogbo yàrá ti ń ta sánsán. Ká tó jẹun tán níbi ìnáwó, mo gbé ọrùn ọwọ́ sí imú, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Àyà mi já. Ayédèrú ni wọ́n tà fún mi! Mo yọ ìgò nínú báàgì, mo tún fín in lẹ́ẹ̀márùn-ún. Bàbá àgbà tó jókòó tì mí sín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá rọra sọ sí mi létí pé, "Ọmọ mi, láti àárọ̀ la ti ń gbọ́ òórùn rẹ. Ó tó o." Ojú tì mí. Òórùn tó bá wà lára ẹni kì í pẹ́ mọ́ imú lára, bí ẹni tó ń gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí kì í gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá tòun ṣì wà lára, ẹlòmíràn ni kó bi.

Àmọ́ ibòmíràn ni owó mi ti ṣòfò gan-an. Nítorí pé ó wọ́n, mo sọ ọ́ di aṣọ òkè. Ìgbéyàwó, ìkómọ, ọdún Àjíǹde, ó parí. Mo gbé e sójú fèrèsé níbi tí àlejò á ti rí i (ìgbéraga lásán), oòrùn ọ̀sán sì ń pa á lójoojúmọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Adó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ooru ń jáde lára àpáta, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Kó tó pé ọdún méjì, omi inú rẹ̀ ti pọ́n, ó ń rùn bí ọtí kíkan. Ìgò kò sì tíì fi bẹ́ẹ̀ dín.

Ìgò mílílítà 100 máa ń tó fín bí ìgbà 1,000. Ká ní ìgbà márùn-ún ni mò ń fín in lóòjọ́, ọjọ́ 200 ni ìbá bá mi dé; náírà 475 lóòjọ́ nìyẹn, owó ọ̀kadà mi láti Ajílósùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òde 19 péré ni mo fín in lọ. Náírà 5,000 ni òde kọ̀ọ̀kan jẹ mí. Aṣọ òkè ṣeé fi sílẹ̀ fọ́mọ. Lọ́fínńdà ò ṣeé fi sílẹ̀: ooru, ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ń jẹ ẹ́. Inú páálí rẹ̀ ni èyí tí mò ń lò ń gbé báyìí, nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù.

Ṣé kò wá yẹ kéèyàn ra olówó ńlá ni? Ọ̀gá wa kan níbi iṣẹ́ ń fín Creed Aventus, èyí tó jáde ní 2010. Dẹ́rẹ́bà wọn ń fín Club de Nuit Intense Man ti Armaf, ilé iṣẹ́ Dubai, tí owó rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́rin tiwọn. Ti dẹ́rẹ́bà kọ́kọ́ máa ń ta ni nímú bí ọsàn wẹ́wẹ́, àmọ́ tó bá ti pẹ́ lára, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dìde kúnlẹ̀ kí ọ̀gá, tó jẹ́ dẹ́rẹ́bà ló ń wọlé bọ̀. Owó orúkọ, owó ìgò àti owó ìpolówó wà nínú èyí tó wọ́n. Ẹ kọ́kọ́ ka ara páálí: eau de parfum sábà máa ń ní èròjà olóòórùn ju eau de toilette lọ, ìyókù ọtí àti omi ni.

Ti Dubai ni mò ń fín lọ síbi iṣẹ́. Tí òmíràn tó wọ́n bá wù mí, mílílítà 5 ni mò ń kọ́kọ́ rà lọ́wọ́ àwọn tó ń bù ú tà, màá fi gun ọ̀kadà nínú oòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀kan wà lọ́dún tó kọjá tí gbogbo ayé ń yìn. Ọjọ́ kejì ni mo mọ̀ pé òun àti òógùn mi ò lè gbé pọ̀. Ìgbà ọyẹ́, tí ara ń hu funfun, mo máa ń fi òrí pa ibi tí mo fẹ́ fín sí, torí kì í pẹ́ lára gbígbẹ. Òrí tí wọ́n ti yọ òórùn rẹ̀ ni o. Ojúlówó òrí lè bo Chanel mọ́lẹ̀.

Èyí tó bàjẹ́ yẹn, mo fẹ́ sọ ọ́ nù, yèyé mi ní ẹni tó ń da 95,000 sí ààtàn kò mọ owó. Wọ́n gbé e lọ sí Ìkẹ́rẹ́. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń fín in lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n láwọn ò gbọ́ kíkan kankan.