Láti Dhaka dé Chittagong: bí aṣọ rírán ṣe ń bọ́ Báńgládẹ́ṣì

Ẹni tó bá fẹ́ rí ibi tí owó Báńgládẹ́ṣì ti ń wọlé, kó tètè jí ní Dhaka, kó forí lé Gazipur tàbí Ashulia, àwọn àgbègbè ilé iṣẹ́ aṣọ tó wà nítòsí, kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù. Ìgbà yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ ń rọ́ wọlé, obìnrin ló sì pọ̀ jù. Ẹ má lọ lọ́jọ́ Ẹtì o, ọjọ́ ìsinmi wọn ni. Nínú 100 dọ́là tí wọ́n ń pa lórí ọjà tí wọ́n ń kó lọ sókè òkun, ó lé ní 80 tó jẹ́ ti aṣọ rírán.

Òwú ọ̀hún kì í fi bẹ́ẹ̀ hù lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ń rà á káàkiri, orílẹ̀-èdè Benin tó múlé tì wá sì wà lára àwọn tó ń tà á fún wọn jù. Ó dùn wá pé àgbẹ̀ Benin ló ń já òwú, ará Narayanganj ní Báńgládẹ́ṣì ló ń fi rán tíṣẹ́ẹ̀tì, tó ń jèrè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí inú wa fi dùn sí iṣẹ́ aṣọ tí wọ́n ti dá sílẹ̀ ní Glo-Djigbé ní Benin.

Nínú ilé iṣẹ́, bí wọ́n bá tú aṣọ tó ń fà kúrò lára róòlù, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ bíi wákàtí 24 kó tó kan ọ̀bẹ. Bí wọ́n bá kánjú gé e, á súnkì lẹ́yìn rírán, ìwọ̀n á yẹ̀. Ẹnì kan á rán èjìká, ẹni tó tẹ̀ lé e á so ọrùn, ẹlòmíì á so apá. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣẹ́, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣa gbogbo ègé rẹ̀ pé, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, kí wọ́n tó fún un ní tuntun. Ègé kan ṣoṣo tó bá sọnù sínú aṣọ ọmọdé lè mú kí oníbàárà dá gbogbo ẹrù padà.

Ọ̀rọ̀ báǹkì ló gba àròjinlẹ̀ jù. Oníbàárà òkè òkun á ní kí báǹkì òun kọ LC (letter of credit), ìyẹn ìwé tí báǹkì fi ṣèlérí owó: bí ẹrù bá wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá, tí ìwé sì pé, owó á jáde. Ilé iṣẹ́ á gbé LC yìí lọ sí báǹkì tirẹ̀, ìyẹn á gbà á ní ìdúró, á fi kọ òmíràn fún ẹni tó ń ta òwú. Báyìí ni ẹni tí kò lówó ńlá lọ́wọ́ ṣe lè dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ aránṣọ Desh Garments ti rán òṣìṣẹ́ bíi 130 lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Daewoo ní Kòríà lọ́dún 1979. Àmọ́ bí gáàsì tí wọ́n fi ń se omi aró bá lọ, tí ọjọ́ ọkọ̀ sì kọjá, oníbàárà lè gé owó kù, tàbí kó ní kí ilé iṣẹ́ fi bàálù kó ẹrù náà lówó ara rẹ̀. Ẹni tó ta òwú kò ní dúró de ìyẹn. Báǹkì á san owó rẹ̀, á sì kọ ọ́ sọ́rùn ilé iṣẹ́ bíi gbèsè.

Chittagong, níbi tí èbúté wà, jìn sí Dhaka tó nǹkan bíi kìlómítà 250. Odò Karnaphuli tí ọkọ̀ ń gbà wọ èbúté náà kò jinlẹ̀ púpọ̀, ọkọ̀ ń dúró de ìgbà tí omi bá kún kó tó wọlé, nítorí náà ọkọ̀ kékeré ló ń kó kọ̀ǹténà lọ sí Colombo tàbí Singapore, kí ọkọ̀ ńlá tó gbà á níbẹ̀. Ọjọ́ tún ń lọ.

Ìkánjú ọjọ́ yìí pààyàn ní Savar, nítòsí Dhaka. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 2013, ògiri Rana Plaza, ilé alájà púpọ̀ tí àwọn ilé iṣẹ́ aránṣọ wà nínú rẹ̀, sán. Báǹkì àti àwọn ilé ìtajà ìsàlẹ̀ tilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí àwọn aránṣọ wọlé lọ́jọ́ kejì. Ilé náà wó, ó pa èèyàn tó lé ní 1,100. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn oníbàárà àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí àdéhùn pé kí àwọn ẹnjiníà máa yẹ ilé wò. Owó oṣù tó kéré jù di 12,500 taka ní oṣù kejìlá ọdún 2023. Ó ṣì kéré lójú wa.

Bí ilé iṣẹ́ bá gbà yín láyè wọlé, ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà àtẹ̀gùn. Kò gbọdọ̀ ní àgádágodo, kò sì gbọdọ̀ sí páálí aṣọ kankan níwájú rẹ̀.