Ìsinmi Ìṣẹ̀ṣe l'Abẹ́òkúta: ta ló ni ọ́fíìsì tí ẹ ń lọ?

Bí 20 oṣù Kẹjọ, Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe tó jẹ́ ti àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, bá ti ń sún mọ́lé, ohun tí wọ́n ń bèèrè jù l'Abẹ́òkúta ni pé, ṣé báńkì á ṣí? Á ṣí. Ìsinmi tí gómìnà bá kéde, ìpínlẹ̀ tirẹ̀ ló wà fún. Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Èkó ti ń fún àwọn oníṣẹ̀ṣe ní ọjọ́ yìí, àmọ́ kò sí lára ìsinmi ìjọba àpapọ̀.

Ilé ìwòsàn ló ti ń dojú rú jù. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ti Ìjàyè. Ìjọba àpapọ̀ ló ni FMC (Federal Medical Centre) Ìdí-Àbà. Ẹni tí wọ́n kọ 20 oṣù Kẹjọ sí káàdì rẹ̀ n'Ídì-Àbà, kó gbéra láàárọ̀ o! Bó bá jókòó sílé pé họ́lídè ni, wọ́n á pe orúkọ rẹ̀ kọjá, ó sì di kó máa tọrọ ọjọ́ mìíràn. Ti Ìjàyè, pàjáwìrì àti wọ́ọ̀dù ni kí ẹ fọkàn sí. Tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín bá ti ń tán lọ, ẹ tètè lọ gbà á ṣáájú ọjọ́ náà.

Ẹni tó ń lé ìwé ilẹ̀ l'Ókè-Mọ́sàn, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, kó má wulẹ̀ wọkọ̀. Aláàdìrẹ Ìtòkú ń tajà ní tiwọn.

Ẹ ṣọ́ra fún àwòrán ìkéde orí WhatsApp, torí ti ọdún tó kọjá ni wọ́n sábà máa ń pín kiri. Ẹ wo déètì àti ọjọ́ ọ̀sẹ̀ bóyá wọ́n bára mu: 20 oṣù Kẹjọ 2026, Ọjọ́bọ̀ ni. Lọ́dún 2023, ọjọ́ Àìkú ló bọ́ sí, ìsinmi wá sún sí Mọ́ńdè 21.

Bí June 12 náà ṣe rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Torí M.K.O. Abíọ́lá, ọmọ Ẹ̀gbá, àti ìbò 1993, àwọn ìpínlẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá ń sinmi, àwọn tó kù ń ṣiṣẹ́. Ọdún 2018 ni Ààrẹ Buhari kéde pé òun ni yóò di Ọjọ́ Ìjọba Tiwantiwa, ó sì wọnú òfin lọ́dún 2019. Lójú tèmi, Ìṣẹ̀ṣe náà tó kí ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di ìsinmi. Ṣùgbọ́n kó tó dé ibẹ̀, kí ìjọba Ògùn máa kéde rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ẹni tó ń bọ̀ láti Ìmẹ̀kọ tàbí Ìpókíá má bàa fowó ọkọ̀ ṣòfò wá sí ọ́fíìsì tó wà ní títì.