Báàgì wo ló máa gba lẹ́ńsì gbọọrọ yìí?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Òní Sátidé ni, kò sì sí òde tí wọ́n pè mí sí, nǹkan tó ṣọ̀wọ́n díẹ̀, mo bá ní kí n kúkú fi ọjọ́ yìí yanjú ọ̀rọ̀ báàgì tó ti ń gbé mi lọ́kàn látìgbà tí lẹ́ńsì yẹn ti wọlé. Oṣù Keje la wà yìí, ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wa níbí ò ní pẹ́ dé, mi ò sì fẹ́ kí oṣù Kẹjọ bá mi níbi tí mo ti ń fi táwẹ́ẹ̀lì wé kámẹ́rà sínú báàgì ìwé ọmọ.

Lẹ́ńsì tí mò ń sọ ni Nikon 200-500mm. Tòkunbọ̀ ni mo rà á, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ mọ́ kedere. Ọdún 2015 ni Nikon gbé e jáde, f/5.6 (ìwọ̀n ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé) ni láti 200 títí dé 500, bó o bá na sùúmù ẹ̀ dópin ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà wọlé ò ní dín. Sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ojú tó ń gba àwòrán, nínú kámẹ́rà Nikon D7500 tèmi kéré sí ti àwọn kámẹ́rà tí wọ́n ń pè ní fúlù fíréèmù, torí náà ohun tí mo bá fi lẹ́ńsì yìí wò á sún mọ́ mi bíi tẹni tó gbé 750mm dání. Ọ̀bọ tó jókòó lórí igi lódìkejì odò, màá ka irun etí ẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé irọ́ ni kó wá wo fótò nílé mi.

Ṣùgbọ́n ó wúwo, ó wúwo gan-an ni. Lẹ́ńsì nìkan pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń gbé e ka tíráípọ́ọ̀dù jẹ́ gíráàmù 2,300, bọ́dì, ìyẹn kámẹ́rà fúnra ẹ̀, pẹ̀lú bátìrì jẹ́ 720, ẹ rò ó pọ̀, ó lé ní kílò 3. Ìyàwó mi ní bí mo ṣe máa ń gbé e sáyà yẹn bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ ni, ó ní òun ò rántí pé mo gbé àkọ́bí wa báyẹn rí. Mi ò dá a lóhùn.

Báàgì kékeré tí mo fi ń lọ òde ò wúlò fún un rárá. Ìyẹn ṣe é há bọ́dì méjì, lẹ́ńsì kúkúrú 50mm, fíláàṣì àti bátìrì, ó dáa fún ìyàwó àti ìsọmọlórúkọ, ibi tí ẹ̀rọ gígùn ò ti níṣẹ́ kankan. Àwọn kan sọ fún mi pé kí n máa yọ lẹ́ńsì kúrò lára bọ́dì, kí n tẹ́ ẹ nílẹ̀ báàgì, kí n fi bọ́dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, bí mo bá dé inú igbó kí n so wọ́n pọ̀. Ẹ gbọ́ ná. Inú igbó Ọ̀ṣun tutù, ewé ń já bọ́, kòkòrò ń fò, ibẹ̀ ni kí n ti ṣí ẹnu kámẹ́rà sílẹ̀ gbayawu kí eruku wọ orí sẹ́ńsọ̀? Ká tiẹ̀ ní eruku ò wọ̀ ọ́, kí n tó yọ ìdérí ẹ̀yìn lẹ́ńsì, kí n yọ ti bọ́dì, kí n wá àmì funfun méjèèjì, kí n yí i kó dún kẹ́ẹ̀, ẹyẹ tí mo rí ti dé Ẹdẹ. Ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bi báàgì tó bá fẹ́ rà nìyẹn, ṣé kámẹ́rà á lè jáde tòun ti lẹ́ńsì lára ẹ̀, kó sì jáde kíá. Iye nǹkan tó lè gbà ò kàn mí.

Àwọn òyìnbó ti ṣe irú ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Lowepro ní Lens Trekker 600, ilé-iṣẹ́ Think Tank ní Glass Limo, báàgì gígùn ni àwọn méjèèjì, kámẹ́rà á wọlé pẹ̀lú lẹ́ńsì lára ẹ̀, ojú lẹ́ńsì á kọjú sísàlẹ̀, bọ́dì á wà lókè. Wọ́n dáa, mi ò lè bú wọn. Owó wọn ni mo kọ́kọ́ wò, dọ́là ni, mo bá pa fóònù dé mo lọ mu omi. Ṣùgbọ́n ká fi towó sílẹ̀, ẹ wo bí irú báàgì yẹn ṣe rí lẹ́yìn èèyàn, ó gùn, ó rí tín-ínrín. Ẹ jẹ́ ká ní mo jókòó lẹ́yìn ọ̀kadà ní ìdájí, mò ń lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, nǹkan gbọọrọ ń yọ sókè lẹ́yìn mi, mo wá bá àwọn Amọ̀tẹ́kùn tàbí ọlọ́pàá lójú ọ̀nà. Kí ni wọ́n máa rò pé ó wà níbẹ̀? Kámẹ́rà kọ́ o. Kí n tó ṣàlàyé ohun tó ń jẹ́ 500mm oòrùn ti yọ, fótò ìdájí ti lọ nìyẹn. Àwọn tó ní àwọ̀ bíi ti aṣọ sójà tiẹ̀ tún wà, wọ́n ní kí ẹranko má bàa rí i. Ẹranko lè má rí i lóòótọ́, sójà ńkọ́? Ní Nàìjíríà wa níbí, kí n ra àwọ̀ yẹn kọ́ lẹ́yìn gba Ọláìyá kọjá? Ẹ má fi mí ṣeré.

Nǹkan mìíràn tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú àwọn fídíò tí wọ́n ti ń yẹ báàgì wò ni pé ìdajì ọ̀rọ̀ wọn dá lórí bàálù, bóyá báàgì á wọ àpótí orí ìjókòó, bóyá wọ́n á ní kó o gbé e sísàlẹ̀. Èmi ò wọ bàálù lọ síbi kankan. Ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ni bàálù tèmi. Nínú Márúwá, èèyàn mẹ́ta la máa há mọ́ra lẹ́yìn, orúnkún ẹlòmíì á wà lábẹ́ tìẹ, orí itan ni báàgì máa wà, torí náà bó bá ti fẹ̀ ju èjìká mi lọ ìjà dé. Lórí ọ̀kadà ẹ̀wẹ̀, bí báàgì bá jìnnà sẹ́yìn èèyàn, tí ọlọ́kadà bá ti já sínú kòtò kan, ńṣe ló máa fà ẹ́ sẹ́yìn. Báàgì tó bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn gbágbáágbá, tí ò yọ gọngọ, tó ní bẹ́líìtì ìbàdí tó ń gba ìwúwo kúrò léjìká, òun ni tèmi.

Àwọn báàgì kékeré tí wọ́n ń gbé kọ́ àyà tàbí ìbàdí, tó ń ṣí lókè, ìyẹn kọ́kọ́ wù mí, torí kò sí èyí tó yá ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn, lẹ́ńsì 70-200mm ni wọ́n fi wọ̀n wọ́n, lẹ́ńsì ìyẹn ò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 20 lọ. Tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27 kí n tó na sùúmù, bọ́dì ò tíì sí lára ẹ̀ o. Mo fi tépù wọn gbogbo ẹ̀ pọ̀ láàárọ̀ yìí, pẹ̀lú ìbòrí ẹnu ẹ̀ tí mo yí sódì, ó sún mọ́ 34. Nǹkan tó gùn báyẹn bó bá rọ̀ sí ìbàdí, gbogbo ìgbà tí mo bá gbẹ́sẹ̀ ló máa máa gbá mi nítan.

Bí mo ṣe ń ronú báyìí ni mo jáde nílé nígbà tí òjò dá, mo gba Ọjà Ọba lọ. Àǹtí kan tó ń ta báàgì níbẹ̀ fẹ́ràn mi gan-an lónìí, bóyá torí èmi ni oníbàárà àkọ́kọ́. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ wo eléyìí, ó gba láptọ́ọ̀pù méjì, ó ní àpò mẹ́rìndínlógún, ẹ ka á!" Mo ní àǹtí, ẹ bá mi wá èyí tí ò ní àpò kankan ṣùgbọ́n tó jẹ́ ẹ̀yìn ló ti ń ṣí. Ó wò mí lójú, ó ní ta ló máa ń ṣí báàgì láti ẹ̀yìn? Mo ṣàlàyé o. Báàgì tó ń ṣí níwájú, bó o bá fẹ́ ṣí i o máa tẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀ sílẹ̀, ẹrẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ibi tó máa padà wá kan aṣọ ẹ. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló ti ń ṣí, iwájú ló máa fara kanlẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ á mọ́. Bó bá wá ní bẹ́líìtì ìbàdí tó lágbára, o tiẹ̀ lè yọ èjìká nìkan, kó o yí báàgì wá síwájú ikùn, kó o ṣí i níbẹ̀ bíi tábìlì, kò ní fara kanlẹ̀ rárá. Lowepro ń ṣe irú ẹ̀, Flipside ni wọ́n pè é. Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù ni ọjọ́ ọdún, nígbà tí Arugbá bá ń kọjá, tí gbogbo ayé ń tì síwá tì sẹ́yìn, báàgì tí síìpù ẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìn ìwọ fúnra ẹ, olè ọ̀nà wo ló máa rí i ṣí? Àǹtí ní lóòótọ́ ọ̀rọ̀ mi mọ́gbọ́n wá, àmọ́ òun ò ní irú ẹ̀, ṣé kí òun di eléyìí fún mi ni?

Mo bá kúkú gba Alékùwódò lọ bá Alfa tó ń rán báàgì. Bàbá yìí ti rán àpò ìlù, àpò jẹnẹrétọ̀ kékeré, ó tiẹ̀ rán ti saxophone fún ẹnì kan. Mo yàwòrán ẹ̀ sórí pépà: gíga inú ẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 38, kí fóòmù ìsàlẹ̀ lè ráyè, fífẹ̀ ẹ̀ bíi báàgì ilé-ìwé gẹ́lẹ́, àlàfo gígùn kan láàárín fún kámẹ́rà, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fún bátìrì, omi àti búrẹ́dì. (Kì í ṣe ẹ̀pà o, kì í sì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn ọ̀bọ tó wà níbẹ̀ ti mọ̀ pé àlejò máa ń gbé oúnjẹ dání, bó o bá fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú báàgì kámẹ́rà ẹ, ìwọ lo ránṣẹ́ pè wọ́n.)

Fóòmù la fi jà jù. Alfa mú fóòmù bẹ́ẹ̀dì jáde, ó rọ̀ mùlọ̀mùlọ̀, mo fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́, àtàńpàkò mi kan tábìlì. Mo ní Alfa, ẹ ò rí i, bí ìka lásán bá kanlẹ̀, kílò 3 ńkọ́? Ó tún máa ń mu omi, bó bá sì ti mu omi tán, ó dọjọ́. Mo ní kí wọ́n bá mi lo máàtì rọ́bà aláwọ̀ mèremère tí wọ́n máa ń tò pọ̀ síbi tí ọmọdé ti ń ṣeré, ìyẹn le díẹ̀, kì í mu omi, ó sì ṣe é gé. Ìpele méjì nísàlẹ̀, torí ibẹ̀ ni ojú lẹ́ńsì ń kọjú sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo sì ní kí wọ́n rán ìrọ̀rí kékeré kan sí ibi tí ẹsẹ̀ lẹ́ńsì máa jókòó lé, kí ìwúwo ẹ̀ má bàa gbé lé ibi tó ti so mọ́ bọ́dì. Alfa ní, "Fótò, ṣé báàgì lo fẹ́ rán àbí ilé lo fẹ́ kọ́?"

Síìpù, mo ní nọ́ńbà 10, kó jẹ́ YKK, wọ́n gbà. Wọ́n fẹ́ lo èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ra fún ìdérí inú, mo ní rárá, ariwo ṣáàà yẹn máa lé gbogbo ohun tó wà lórí igi lọ. Ìta, tapólì dúdú. Ibẹ̀ ni mo ti pe ìyàwó mi lórí fóònù, òun náà bá dá sí i: "Dádì, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi àdìrẹ sí iwájú ẹ̀, ìlú aró la wà, ta ló máa rò pé kámẹ́rà wà nínú àpò àdìrẹ?" Ká sòótọ́, kò sí ẹnì kankan nínú gbogbo àwọn tó ń yẹ báàgì wò lórí YouTube tó ní irú làákàyè yẹn. Tapólì nísàlẹ̀ fún òjò, àdìrẹ lókè fún ojú ayé. Alfa ní àfikún owó ni o. Mo ní kò burú.

Ohun kan tí mi ò ní ṣe ni kí n máa fi kámẹ́rà sínú ẹ̀ sùn. Ẹnu ọ̀nà ni báàgì máa wà, kámẹ́rà á wà nínú ike tó lómọrí, pẹ̀lú sílíkà jẹ́ẹ̀lì. Nígbà òjò báyìí, ọ̀rinrin tó wà nínú afẹ́fẹ́ pọ̀, bí lẹ́ńsì bá wà nínú òkùnkùn àti aṣọ tí ò gbẹ, èbu á hù sínú gíláàsì, wọ́n gbọ́dọ̀ tú u kí wọ́n tó lè nù ún, àwọn tó mọ̀ ọ́n tú ò sì pọ̀.

Ó wá ku bí wọ́n ṣe máa wọ̀n ọ́n. Alfa ní kí n fi kámẹ́rà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn di ìgbà tí iṣẹ́ bá tán. Mo bú sẹ́rìn-ín, àwọn náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé òótọ́ inú wọn ni. Lẹ́ńsì yẹn, 108 mílímítà ni òbìrí ẹ̀, páìpù PVC oní-íǹṣì 4 tí àwọn púlọ́mbà ń lò sì jẹ́ 110 láti ìta. Mo bá yà síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ládùúgbò wa, mo bẹ púlọ́mbà kan, ó gé àjẹkù páìpù sí sẹ̀ǹtímítà 34 fún mi, mo fi àkísà wé ẹnu ẹ̀ kan kó lè fẹ̀ bíi ìbòrí ẹnu lẹ́ńsì, mo gbé e padà lọ bá Alfa. Wọ́n yí i lọ́wọ́ títí, wọ́n ní, "Èyí gan-an wọ́n ju kámẹ́rà ẹ lọ," wọ́n sì gbé e sábẹ́ máṣìnnì. Mo san ìdajì owó. Wọ́n ní kí n wá lọ́jọ́rú, èmi ti kọ ọ́ sínú ìwé mi pé Sátidé tó ń bọ̀.