Tight, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi sí ibi gbogbo

Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ló gbà mí lọ́kàn lónìí o, tight. Ọ̀gá wa fi ímeèlì ránṣẹ́ láàárọ̀ pé táìmù wa tight gan-an, kò pẹ́ ẹlòmíì ní owó tight, ìkẹta tún ní bàtà tuntun tóun wọ̀ wá tight, mo wá ń wò wọ́n pé ṣé nǹkan kan náà ni gbogbo yín ń sọ ni.

Torí lẹ́nu tiwa, bàtà máa ń fún ni, owó máa ń wọ́n, ìdérí ìgò máa ń le, ahun máa ń háwọ́, a máa ń ti ilẹ̀kùn pinpin, a sì máa ń di nǹkan mú ṣinṣin. Kálukú wọn ló ní orúkọ tiẹ̀. Òyìnbó rọ gbogbo ẹ̀ sínú àpò kan ṣoṣo.

Mo bá lọ wo ibi tó ti wá. Èdè Norse àtijọ́ ni, èdè táwọn ará Scandinavia ń sọ nígbà kan, þéttr, ìyẹn ohun tó dì tí omi ò lè ráyè gbà wọlé, àwọn ará Jámánì ṣì ní mọ̀lẹ́bí ẹ̀, dicht. Ọ̀rọ̀ bíi watertight àti airtight ló ṣì di ìtumọ̀ àtijọ́ yẹn mú. Ó kàn yé mi ni. Àlàfo ni ò sí! Bàtà tó fún ò fàyè sílẹ̀ kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ yí, táìmù tó há, téèyàn bá jáde nínú ìpàdé kan ó ti pẹ́ dé òmíì, ahun di ìkúùkù tí owó ò fi ráyè yọ́ bọ́ láàárín ìka ẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì pè ní tight-lipped, ọ̀rọ̀ ò lè jò lẹ́nu ẹ̀ láéláé.

Sleep tight ni ò bá wọn mu. Àwọn kan ní torí okùn tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀dì láyé àtijọ́ ni, pé tí wọ́n bá fà á le dáadáa oorun á dùn, ìtàn yẹn dùn lóòótọ́ àmọ́ mi ò gbà á, ó kàn túmọ̀ sí kéèyàn sùn fọnfọn ni. Sit tight náà ńkọ́, kò sẹ́ni tó há sórí àga, jókòó jẹ́ẹ́ kó o ní sùúrù ni.

Hold tight ni wọ́n sì ń sọ lẹ́nu, ẹni tó ní hold tightly ò jẹ̀bi, ó kàn máa ń dún bí ìwé tíṣà létí mi ni. Tó bá ti ṣáájú packed ṣá, tightly ló gbọ́dọ̀ jẹ́.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé tight tún lè jẹ́ ẹni tó mutí yó, àwọn àgbà wọn ló ń lò ó jù. Ẹ wo ẹni tó ń ka ìtàn àtijọ́ tó wá kà á pé ọkùnrin kan tight níbi àríyá, kó máa káàánú ẹ̀ pé ṣòkòtò ló fún un.